Ẹni Tó Ń Pè Mí Láti Òkè Òrùlé

Sípíkà kan wà lókè òrùlé ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ orúkọ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní ìlú tí mo wà yìí, n kì í sọ òtútù, n kì í sì í sọ oúnjẹ. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo mú ìgbálẹ̀ dání ní àárọ̀ ọjọ́ kan, láàrin èrò tí n kò mọ ẹyọ ẹnì kan nínú wọn, agogo kékeré kan dún lókè, ohùn obìnrin kan sì pe orúkọ tí bàbá mi sọ mí.

N kò ní dárúkọ ìlú náà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ láti má máa sọ ibi tí mo wà fún gbogbo ayé. Etí òkun ló wà. Èbúté ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti ń kó èrò àti mọ́tò lọ sí àwọn erékùṣù tó wà ní òdìkejì. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀, mò ń nu ìjókòó, mò ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ohunkóhun tó bá sì dà sílẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè. Bí mo ṣe dé ibẹ̀ gùn, kò sì dùn ún gbọ́, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Ará Ìkẹ́rẹ́ ni mí. Oko kòkó wa wà lójú ọ̀nà Ìsẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì ṣe òwò díẹ̀ kí n tó gba oko ọkọ mi, bàbá Wàsíù, nígbà tí ó ṣaláìsí.

Lọ́jọ́ tí sípíkà yẹn kọ́kọ́ pè mí, n kò mira. Mo dúró ti òpó kan, mo di ìgbálẹ̀ mú, mo wo òkè. Irin ni mo rí, àti ẹyẹlé. Ó tún pè mí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sáré dé. Rósà ni orúkọ rẹ̀. Erékùṣù kan tí oòrùn pọ̀ níbẹ̀ ni ó ti wá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń sọ, bóyá àwa méjèèjì nìkan ló yé, nítorí náà ní èdè tiwa ni mo ṣe ń kọ ọ́ síbí.

"Ìwọ ìyá yìí, o ò gbọ́ ni? Wọ́n ń pè ọ́!"

"Ta ló ń pè mí?"

"Òkè!"

"Ta ló wà lókè?"

Rósà wo òkè, ó wo ojú mi. "Ọlọ́run ló wà lókè," ó ní, "ṣùgbọ́n èyí tó ń pè ọ́ yìí, ọ́fíìsì ni. Ọmọ kan ti bì sí ẹnu ọ̀nà kìíní. Gbé garawa rẹ, jọ̀ọ́, kí àwọn èèyàn tó máa fi bàtà pín in kiri."

Mo gbé garawa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè ni mo jẹ́ ìpè rẹ̀. Rósà ni mo jẹ́ ìpè rẹ̀, nítorí pé Rósà ní ojú.

*

Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Bóyá ilé mìíràn ń ṣe é, n kò mọ̀. Yèyé mi kò fi ṣeré. Bí o bá wà nínú yàrá tí o gbọ́ orúkọ rẹ níta, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Dìde, yọjú, rí ẹni náà, kí o tó la ẹnu. Nígbà tí a kéré, àwa ọmọdé máa ń lọ sí ìsàlẹ̀ Olósùnta, àpáta ńlá ìlú wa, lọ pariwo, kí àpáta lè dá ohùn wa padà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pe orúkọ ara rẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan. Yèyé gbọ́, ó sì nà án dáadáa. Ó ní kí ni ó ń kọ́ àpáta ní orúkọ rẹ̀ fún? Bí àpáta bá wá mọ̀ ọ́n tán ńkọ́?

A máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà tí a dàgbà. Mo ń fi rẹ́rìn-ín títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

À ń fọ́ kòkó lọ́jọ́ náà, àwa obìnrin bíi mélòó kan, lórí ilẹ̀ wa. Òwúrọ̀ ni. Kòkó máa ń bo èèyàn mọ́lẹ̀; ẹni tó wà nítòsí rẹ, o kò ní rí i. Nítorí náà a máa ń pe ara wa láti ìdí igi kan dé ìdí igi kejì. "Ìyá Dàre, ṣé omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?" "Ìyá Wàsíù, wá wo èyí tó dúdú nínú yìí." Báyìí ni a ṣe ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, tí a ń rẹ́rìn-ín, tí a kò mọ̀ pé àwọn kan ti dùbúlẹ̀ sínú igbó, tí wọ́n ń gbọ́ wa, tí wọ́n ń kọ́ orúkọ wa.

Ohùn kan pe Ìyá Dàre. Ó pè é gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń pè é. Ìyá Dàre dáhùn, "Hóò! Mò ń bọ̀!" Ó gbé àdá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ara ìró, ó lọ. N kò rí i mọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn kan pe Ìyá Wàsíù. Mo mọ ohùn gbogbo ẹni tó wà lóko, n kò mọ ìyẹn. Ẹnu mi ti là, mo sì pa á dé. Mo fi àyà wọ́lẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn òkìtì èèpo kòkó, mo sì fi ewé bo ara mi. Ó pè mí bí ẹni pé ó fẹ́ràn mi. Ó pè mí bí ẹni tó ń bínú. Lẹ́yìn náà ó ń fi orúkọ mi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, mo sì gbọ́ ìbọn.

Àwọn tí wọ́n kó lọ padà wálé lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀. N kò ní sọ bí wọ́n ṣe padà, nítorí n kò mọ gbogbo rẹ̀, èyí tí mo sì mọ̀ kì í ṣe tèmi láti sọ. Wọ́n padà sí ilé, àwọn mìíràn sì padà sí oko. Èmi tí wọn kò mú ni n kò lè dé oko mọ́.

*

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìdàrúdàpọ̀ jẹ́, kí ó lọ jókòó ní èbúté yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Gbogbo ohùn ibẹ̀ ló ń jọ ohun tí kì í ṣe. Àpótí onítáyà tí àwọn èrò ń wọ́ lórí pákó, kòkó gbígbẹ ni mò ń gbọ́, tí a ń fi ẹsẹ̀ dà lórí tapólì. Inú mi á kọ́kọ́ dùn, èmi á yíjú, èmi á sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sáré bá ọkọ̀. Àwọn ẹyẹ funfun etíkun, ewúrẹ́ ni wọ́n ń jọ. Nígbà mìíràn ọmọ ìkókó. Ẹ̀rọ tó ń se kọfí a máa pòṣé bí àgbà tí ọmọ ṣẹ̀. Fèrè ọkọ̀ kì í gba etí wọlé, ikùn ni ó ń gbà.

Ṣùgbọ́n afárá irin tí wọ́n ń sọ kalẹ̀ kí mọ́tò lè wọ inú ọkọ̀, ìyẹn ni n kò lè fara dà. Ẹ̀wọ̀n á kọ́kọ́ máa wọ́, gbọ̀rọ̀rọ̀, gbọ̀rọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà irin á já lu irin. Bísímílà a jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo dojú bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàrin èrò. Ìyá arúgbó kan bá mi dọ̀bálẹ̀, ó rò pé mò ń wá nǹkan, ó ní ṣé yẹtí mi ló já bọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bá mi wá a pẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara mi mọ afárá náà, nítorí pé mo lọ wò ó. Mo rí ọkùnrin tó ń tẹ bọ́tìnì, mo rí ẹ̀wọ̀n, mo rí bí ó ṣe ń já. Ohun tí mo bá ti rí, mo lè bá a gbé. Sípíkà nìkan ló kù. Agogo rẹ̀ á dún, èmi á sì máa bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni. Nígbà mìíràn ọkọ̀ ni wọ́n ń kéde, nígbà mìíràn ọmọ tó sọnù. Bó bá jẹ́ èmi, ẹsẹ̀ mi á wọlẹ̀ bí òpó.

Nǹkan kan tún wà tí n kò rí ẹni tó yé. Nílé, ta ló ń pe orúkọ mi? Yèyé mi, àti àwọn àgbà bíi mélòó kan tó kù. Gbogbo àwọn yòókù, Ìyá Wàsíù ni wọ́n mọ̀. Níbí, kò sí ẹni tó mọ Wàsíù. Orúkọ tí àwọn àgbà nìkan ní ẹ̀tọ́ sí ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ láàrin ìkéde ọkọ̀ àti ìkéde àpò tó sọnù.

*

Ọ̀gá wa ń jẹ́ Máàtìn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ pọ́n, ó sì máa ń jẹ ìdí pẹ́ńsù. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe èèyàn búburú. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní kí ló dé tí n kì í dáhùn.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "N kò gbọ́, sà."

Ó káàánú mi. Ó rán mi lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n na ọwọ́ sókè bí mo bá ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín. Èmi òmùgọ̀, mo jókòó níbẹ̀, mo ń nawọ́ bí ọmọ iléèwé tó mọ gbogbo ìdáhùn. Dókítà wo ìwé, ó ní, "Màmá, etí yín dára ju tèmi lọ."

Ìdáhùn tó dára yẹn ló bà á jẹ́. Ọ̀gá Máàtìn ka ìwé dókítà, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"O ń gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O ń gbọ́, o kì í sì í lọ."

Ó wá ṣàlàyé fún mi jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ìgbà ìdánwò ni mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, pé bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò ní gbà mí tán. Kò sì sí ẹni tó nílò láti sọ ìyókù fún mi. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú náà so mọ́ iṣẹ́ yẹn. Bí iṣẹ́ bá lọ, èmi náà á lọ. Ilé ni wọ́n máa dá mi padà sí, ilé mi sì ni oko yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Rósà ti ń gbọ́ ìpè fún mi. Ibi yòówù tí ó bá wà, bí sípíkà bá ti pè mí, á lọgun, "Ìyá! Òkè ń kí ọ! Ẹnu ọ̀nà kejì!" Àwọn èrò a máa rẹ́rìn-ín. Mo ń lọ. Ṣùgbọ́n Rósà ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀.

*

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń pe ilé. Ganíyù àbúrò mi ló máa ń di fóònù mú, nítorí pé Yèyé máa ń gbé e sí etí bí ẹni gbé òkúta.

"Ṣé o ti dé ulé?" Yèyé bi mí.

"Mo ti dé láti ibi iṣẹ́, Yèyé."

"Ṣé o jẹ uṣu?"

"Kò sí uṣu gidi níbí."

"Kí ni wọ́n wá ń jẹ, koríko?"

Orí fóònù yẹn nìkan ni mo ti ń gbọ́ ẹnu ìlú wa, ulé fún ilé, uṣu fún iṣu. Mo máa ń jẹ́ kó tún un bi mí. Lọ́jọ́ náà mo sọ ọ̀rọ̀ sípíkà fún un.

"Máà dá a lóhùn!" Yèyé kígbe.

"Yèyé, iṣẹ́ mi ni o."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Ganíyù. "Àǹtí, sípíkà lásán ni! Ti mọ́ṣáláṣí wa gan-an a máa pe orúkọ èèyàn bí mọ́tò rẹ̀ bá dí ọ̀nà."

"Ìwọ pa ẹnu rẹ mọ́," Yèyé ní. "Ti mọ́ṣáláṣí, ta ni kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Lèmọ́mù ni. Mo mọ ìyá tó bí i. Tiwọn yẹn, ta ni?"

"N kò mọ̀, Yèyé."

"O rí i!"

Ganíyù ronú díẹ̀. Ó ní, "Kò burú. Ìdáhùn ni Yèyé ní kí ẹ má ṣe, wọn ò ní kí ẹ má rìn. Bó bá ti pè yín, ẹ di ẹnu, kí ẹ ṣáà máa lọ."

Yèyé ní, "Bóyá ìyẹn lè ṣeé ṣe."

Mo dì í mú bí ẹni tó rí ọ̀nà. Ní ọjọ́ tí Rósà sinmi, mo sọ fún ẹsẹ̀ mi láti àárọ̀ ohun tó máa ṣe. Agogo dún. Orúkọ mi jáde. Mo di ẹnu, mo sì ní kí n gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kò gbọ́. Òórùn èèpo kòkó tó ti ń jẹrà ni mo ń gbọ́, níbi tí kò sí kòkó rárá. Ohùn náà tún pè mí, mo sì ń sọ fún ara mi pé ẹnu ọ̀nà kẹta ni, ó wà níbẹ̀ yẹn, omi ọsàn ló dà sílẹ̀, rìn. N kò lè rìn. Nígbà tí mo fi rí ara mi gbà, bàbá arúgbó kan ti yọ̀ ṣubú lórí omi ọsàn náà. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì funfun. Aya rẹ̀ wo garawa tó wà lọ́wọ́ mi, ó wò mí.

Wọ́n di ọwọ́ bàbá náà, wọ́n ní kò kán. Ọ̀gá Máàtìn kò pariwo. Ó ní, "Lọ́la, lẹ́yìn ọkọ̀ ọ̀sán, wá rí mi."

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, fóònù mi dún. Nọ́mbà ilé ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti Ganíyù.

"Ìyá Wàsíù! Ṣé wàá jẹ́ ìpè mi, àbí kí n wọ ọkọ̀ òfuurufú wá kí o lè rí ojú mi?"

Ìyá Dàre ni. Láti ìgbà tí ó ti padà wálé, n kò tíì lè bá a sọ̀rọ̀ tó pé. Mo máa ń kí i nípasẹ̀ Yèyé. Ohun tí mo lè sọ fún un ni n kò mọ̀.

"Yèyé yín ló sọ fún mi," ó ní. "Ó ní àwọn òyìnbó ń pè ọ́ o ń ṣe àfojúdi."

"Kì í ṣe àfojúdi, Ìyá Dàre."

"Mo mọ̀."

Mo gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ ẹni tó ń gún nǹkan. Mo bi í bóyá ó ń lọ sí oko. Ó ní ta ló máa bá òun ká kòkó bí òun kò bá lọ? Ó ní àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ oko báyìí, wọ́n ń lọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀rù ń bà á, ó sì ń lọ.

Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí a máa ń rín lóko. Ó ní, "Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, ọ̀rẹ́ mi. Èmi tí mo dáhùn, mo ti padà sílé. Ìwọ tí o kò dáhùn, o ti lọ títí ré kọjá òkun. Nínú àwa méjèèjì, ta ni wọ́n wá gbé lọ?"

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀, mo sì kí i pé ó dàárọ̀, mo sì jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì tí n kò mọ ibi tí mo wà. Wọn kò fọwọ́ kàn mí. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nìyẹn, pé orí mi ló yọ mí. Ṣùgbọ́n ta ni mo wá jẹ́ níbí? Ẹni tí kò lè dé oko nílé, tí kò sì lè dé ẹnu ọ̀nà kẹta lẹ́yìn odi. Bí mo bá pàdánù ìhín, n kò ní ọ̀hún. Mo rò ó títí. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé ó rẹ̀ mí láti máa fi ìdí tí n kì í fi í dáhùn pamọ́.

*

Rósà bá mi lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó ní òun ni ògbufọ̀ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá Máàtìn: igbó, Ìyá Dàre, ohùn tó pè mí. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní ìlú yẹn rí. Ó jáde ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ, Rósà ń gbé èyí tó bá já bọ́. Nígbà tí mo parí, pẹ́ńsù ọ̀gá wà lórí tábìlì.

"Kí ni o fẹ́ kí n ṣe?" ó ní.

"Ẹ jẹ́ kí n rí i, sà."

"Rí kí ni?"

"Ẹni tó ń pè mí."

Ó wo Rósà. Rósà ní, "Ó fẹ́ rí ojú òkè, ọ̀gá."

A gun àtẹ̀gùn irin kan tí n kò mọ̀ pé ó wà. Yàrá kékeré kan ló wà lókè, ó ń rùn bíi búrẹ́dì yíyan. Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó níwájú máìkì, ó wọ sílípáàsì, ó fi okùn so awò ojú kọ́ ọrùn, ó sì ń wúkọ́. Jíìnì ni orúkọ rẹ̀. Gíláàsì ńlá wà níwájú rẹ̀, gbogbo èbúté sì wà nísàlẹ̀: ẹnu ọ̀nà, ìjókòó, ibi tí mo máa ń dúró.

Nígbà tí ó rí mi, ó pàtẹ́wọ́. "Ìwọ ni! Ẹni tó máa ń di igi!"

"Ẹ máa ń rí mi?"

"Lójoojúmọ́."

Mo ti rò pé bí mo bá rí i, ẹ̀rù á tán. Kàkà bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rí ni pé ó ti ń wò mí látọjọ́ yìí, láti ibi tí n kò lè wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti igbó. Mo sọ ọ́ fún un. N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́: pé ẹni tó ń ríni tí a kò rí, tó tún mọ orúkọ ẹni, kì í ṣe ẹni tí à ń dá lóhùn.

Jíìnì bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó wo gíláàsì náà bí ẹni pé òun kò rí i rí.

"Mo rò pé gbogbo yín ń rí mi," ó ní.

Ọ̀gá Máàtìn ní gíláàsì náà máa ń dúdú láti ìsàlẹ̀, ojú ọ̀run nìkan ló ń hàn nínú rẹ̀, àfi bí a bá tan iná yàrá. Jíìnì kì í tan iná nítorí ojú rẹ̀. Ó dìde lọ tẹ iná. Ó ní, "Kí n tó pè ọ́, èmi á tan èyí, èmi á sì dìde dúró. Wò mí dáadáa. Bí mo bá ti na ọwọ́, èmi ni."

Nígbà tí à ń sọ̀ kalẹ̀, Ọ̀gá Máàtìn sọ fún mi, kò wo ojú mi: "Sátidé ni ìdánwò rẹ parí. Bí wọ́n bá pè ọ́ tí o kò lọ, n kò ní lè gbè ọ́ mọ́. Kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń pàṣẹ."

Jíìnì ṣe ohun tó sọ. Iná tàn lókè, mo rí i tó dìde, ó na ọwọ́, ó pe orúkọ mi. "Hóò!" ni mo dá a lóhùn láti àárín gbọ̀ngàn. Èrò yíjú. Ojú tì mí, mo sì ń lọ, ẹsẹ̀ mi ń lọ. Lẹ́yìn náà mo lọ sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì mo sunkún díẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀.

*

Ní Sátidé, Jíìnì kò wá. Ikọ́ ti dá a dúró sílé. Kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Èbúté kún lọ́jọ́ náà ju bí mo ti rí i rí lọ. Àpótí ń yí, ọmọ ń ké, ẹyẹ ń ké lé ọmọ lórí, afárá irin sì já lulẹ̀. Mo rí Ọ̀gá Máàtìn ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà kejì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Agogo dún.

Ohùn ọkùnrin ló pe orúkọ mi.

Mo wo òkè. Iná kò tàn. Ojú ọ̀run ló wà nínú gíláàsì, pẹ̀lú àwọn ẹyẹ. Ohùn náà tún pè mí, ó nípọn, n kò gbọ́ ọ láti òkè rí. Mo rí Ọ̀gá Máàtìn tó yíjú wò mí. Rósà ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ la èrò, ṣùgbọ́n kò ní dé. Mo mọ̀ pé ìpè kẹta ló kù, lẹ́yìn ìyẹn, ó parí. Ẹsẹ̀ mi ti ń wọlẹ̀.

N kò rò ó. Mo gbé orí sókè, mo sì fi ohùn oko kígbe, ohùn tí à ń fi la kòkó já: "Ta ni yẹn?"

Gbọ̀ngàn dákẹ́. N kò gbọ́ àpótí, n kò gbọ́ ọmọ. Mo tún kígbe ní èdè tiwọn, mo nàka sí gíláàsì náà: "Ta ni ọ́? Fi ara rẹ hàn!"

Sípíkà dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ẹnì kan mí sínú máìkì. Lẹ́yìn náà ohùn tó nípọn yẹn sọ̀rọ̀ sí gbogbo èbúté, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ká mọ́ ibi ìṣasùn:

"Ẹ má bínú, mà. Tọ́másì ni. Tọ́másì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo wà lókè níbí."

Iná tàn. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ńlá tí mo máa ń kí láràárọ̀ dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan juwọ́ sí i padà. Bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ó tó àkókò, ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ fún òun pé ọkọ̀ òun pẹ́.

"Hóò!" ni mo dáhùn. "Mò ń bọ̀!"

Mo gbé garawa mi. N kò lè sọ pé ẹ̀rù ti tán. Omi inú garawa ń ta sí mi lẹ́sẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Kọfí ló dà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kejì, gan-an níbi tí Ọ̀gá Máàtìn dúró sí. Ó yẹ̀ fún mi.

"Rọra," ó ní, "ó ń yọ̀. A óò rí ọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mo kúnlẹ̀ mo sì nù ún.